Òrùlé Ta Ni Ìjì Gbé Lọ?

Lánàá òde yìí, ẹjọ́ kan tí kò ní òrùlé gun àtẹ̀gùn wá sí ààfin wa. Kí ẹnikẹ́ni má rò pé mò ń pòwe. Ilé ni àwọn ènìyàn náà ń jà sí, ilé náà kò sì ní òrùlé mọ́.

Èmi ni akọ̀wé ààfin. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi kọ̀wé ní ọ́fíìsì rélùwéè ní Èbúté Mẹ́ta kí n tó fẹ̀yìn tì. Ohun tí mo bá gbọ́ ni mò ń kọ. N kì í dín in, n kì í fi kún un. Ààfin tí mò ń wí yìí, pálọ̀ òkè ni, nínú ilé Baálẹ̀ wa, Olóyè Jethro Ògúntádé, ní àdúgbò Ìta-Àgbọn, lẹ́yìn Ojú Ẹlẹ́gbà. Ọ̀tún Baálẹ̀ máa ń jókòó sí apá òsì, nítorí etí òsì nìkan ni Baálẹ̀ fi ń gbọ́ràn dáadáa. Ìyálóde Aneesah, tó ń ta léèsì ní Téjúoṣó, máa ń jókòó síbi tó bá wù ú.

Ẹni tó pẹjọ́ ni Túbọ̀sún Adéfúnmiláyọ̀. Tísà ni gbogbo àdúgbò ń pè é, torí ìṣirò ló ń kọ́ àwọn ọmọ ní Yaba. Ẹni tó pè lẹ́jọ́ ni Ìyá Jeremy, Màdáàmù Caroline, opó ẹni àádọ́rin ọdún tó ti fi iṣẹ́ ìjọba fẹ̀yìn tì. Òun ló ta ilé rẹ̀ fún Tísà.

Baálẹ̀ ní, "Tísà, kí ló dé?"

"Kábíyèsí, kí ẹ̀mí yín gùn o." A kì í ki baálẹ̀ ní kábíyèsí, gbogbo wa la mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ẹjọ́ bá ń lé kì í wo ìyẹn. "Wọ́n ta ilé fún mi, ilé náà kò lórùlé."

"Ṣé o kò wòkè kí o tó rà á ni?"

"Mo wòkè, Bàbá. Òrùlé wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà."

"Ta ló wá gbé e?"

"Ìjì ni, Kábíyèsí."

Baálẹ̀ wo bẹ́ǹṣì àwọn olùjẹ́jọ́. "Ìjì ńkọ́? Ṣé ó wá?"

"Ìjì kò wá, Bàbá. Ìyá Jeremy ni mo pè."

"Ó dára. Rọra sọ ọ́ kó yé wa."

Tísà fi ìka kan ka ìka kejì, bí ìgbà tó ń kọ́ ọmọ. "Ọjọ́ Ìṣẹ́gun la fọwọ́ sí àgírímẹ́ǹtì níwájú lọ́yà. Mo san èyí tó pọ̀ nínú owó ilé. A fẹnu kò pé ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kejì màá san ìyókù, wọn á sì fún mi ní kọ́kọ́rọ́. Láàárín méjì, ní Ọjọ́bọ̀, lágogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ìjì jà. Ó ṣí òrùlé ilé náà bí ìgbà tí ènìyàn bá ṣí ọmọrí ìkòkò, ó gbé e sọ sí ọgbà Mùíz wẹ́dà. Kọ́kọ́rọ́ ò sí lọ́wọ́ mi nígbà náà. Ẹni tí kò ní kọ́kọ́rọ́, ṣé ó ní òrùlé? Kí Ìyá Jeremy kan òrùlé wọn padà, kí n san owó tó kù."

Ìyá Jeremy ti dìde kí Tísà tó parí ọ̀rọ̀. "Bàbá, òrùlé ti ta? Tèmi? Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi gbé inú ilé yẹn. Gbogbo ìjì tó jà ní Sùúrùlérè lójú mi ni. Ó wó igi, ó wó òpó iná, ó gbé pátákó ṣọ́ọ̀ṣì. Kò fọwọ́ kan páànù mi rí. Ọkùnrin yìí fọwọ́ síwèé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, nígbà tó fi di Ọjọ́bọ̀, òrùlé ti lọ. Bàbá, ìjì mọ onílé. Òun ló wá kí!"

Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Baálẹ̀ gbá orí tábìlì.

"Ìyá Jeremy, ṣé ìjì ń ka àgírímẹ́ǹtì ni?"

"Bí kò bá kà á, akọ̀wé lè kà á. Ojú ewé kẹrin."

Wọ́n gbé ìwé náà fún Ọ̀tún. Ọ̀tún wò ó títí, ó yí i po, ó tún yí i padà, ó ní Gẹ̀ẹ́sì ni. Wọ́n gbé e fún mi. Mo kà á sétí gbogbo wọn pé láti ọjọ́ tí wọ́n bá ti fọwọ́ sí ìwé yìí, ewu tó bá dé bá ilé náà ti kúrò lọ́rùn ẹni tó tà á, ó ti di ti ẹni tó rà á.

Tísà na ọrùn wo ojú ewé náà.

Tísà ní, "Bàbá, lẹ́tà yẹn ti kéré jù. N kò mú awò ojú mi lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà."

"Ìwọ tísà ìṣirò?"

"Nọ́ńbà ni mò ń wò, Kábíyèsí. Nọ́ńbà ibẹ̀ tóbi."

Ìyá Jeremy pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n mo ti ṣí ìwé náà síwájú, torí ẹni tó bá fi ọgbọ̀n ọdún ka ìwé rélùwéè kì í dúró sí ojú ewé kan. Mo ní, "Bàbá, ojú ewé karùn-ún wà. Ó ní ẹni tó ta ilé gbọ́dọ̀ máa tọ́jú rẹ̀ dáadáa títí di ọjọ́ tí yóò fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀."

Ó kan Tísà láti pàtẹ́wọ́.

Ìyálóde da ọ̀rọ̀ náà rú. "Ẹ dúró ná. Tísà, ìwọ tí o ní o kò tíì ní ilé. Ta ló ká máńgòrò ilé náà ní Ọjọ́rú, báàgì méjì? Mo rí ọ, mo ń bọ̀ láti ìsọ̀ mi."

"Ìyálóde, máńgòrò náà ti pọ́n ni."

"Ta ló sọ fún ọlọ́kọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan pé kò gbọ́dọ̀ páàkì síwájú géètì òun?"

"Mo… mo kàn ń bá Ìyá Jeremy ṣọ́ géètì ni."

"Ta ló mú akunlé wá, tó fi ọ̀dà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kun ara ògiri pálọ̀ kó lè mọ èyí tó máa bá kọ́tìnnì ìyàwó rẹ̀ mu?"

Ìyá Jeremy ní, "Ẹ ṣeun, Ìyálóde. Ẹ rí i bí?"

"Ẹ̀yin náà ẹ má tíì dúpẹ́. Ọjọ́rú kan náà, ta ló gbowó lọ́wọ́ àwọn tó ń yá àga ìnáwó, tó ní kí wọ́n wá kó igba àga sí ọgbà ilé tó ti tà?"

Ìyá Jeremy jókòó.

Baálẹ̀ ní kí wọ́n pe ẹlẹ́rìí. Àkọ́kọ́ ni Kíkẹ́, ọ̀dọ́bìnrin kan tó ń bá ilé iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì ṣiṣẹ́. Ó kúnlẹ̀ kí gbogbo àgbà, ó sì dìde.

"Ọmọ mi, kí lo mọ̀?"

"Bàbá, mo lọ bá Ẹ̀gbọ́n Tísà nílé lọ́jọ́ Ajé tó ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n fọwọ́ síwèé. Mo ní kí wọ́n jẹ́ ká ṣètò ìnṣọ́ránsì ilé náà kó ti wà nílẹ̀, kí ó lè bẹ̀rẹ̀ bí wọ́n bá ṣe ń gbé bírò kúrò lórí ìwé. Mo ní kì í ṣe ọjọ́ tí wọ́n bá gba kọ́kọ́rọ́ o, kì í sì í ṣe ọjọ́ tí wọ́n bá kó ẹrù wọlé. Ọjọ́ ìfọwọ́sí ni, torí láti ọjọ́ náà lọ, bí iná bá jó o, tiwọn ló jó."

"Kí ló sọ?"

"Wọ́n ní, 'Kíkẹ́, ṣé à ń ra fìlà fún ọmọ tí a kò tíì bí ni?'"

Ọ̀tún mi orí. "Ọ̀rọ̀ gidi nìyẹn."

Kíkẹ́ ní, "Ẹ má bínú, Bàbá Ọ̀tún. Wọn kò tíì bí ọmọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ti ń jẹ máńgòrò rẹ̀."

Baálẹ̀ bojú wẹ̀yìn kí a má rí i pé ó ń rẹ́rìn-ín. "Tísà, kí ló dé tí o kò gba ìmọ̀ràn?"

"Kábíyèsí, ìnṣọ́ránsì tí èmi mọ̀ ni ìwé tí à ń fi han ọlọ́pàá lójú títì. Alàgbà kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa sì sọ fún mi pé ẹni tó bá ra ìnṣọ́ránsì sórí ilé ń pe ìjì ní orúkọ ni."

"Alàgbà yẹn, ṣé ọkọ̀ rẹ̀ ní ìnṣọ́ránsì?"

"Ó ní, Bàbá."

"Kí ló ń pè ní orúkọ níbẹ̀?"

"Ọlọ́pàá ló ń bẹ̀rù, Kábíyèsí."

Ìyá Jeremy tún ti ń rẹ́rìn-ín. Kíkẹ́ yíjú sí i. "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, mo dé ọ̀dọ̀ ẹ̀yin náà. Ilé yín ti wà lábẹ́ ìnṣọ́ránsì láti ayé Dádì. Mo ní kí ẹ má fọwọ́ kàn án títí Ẹ̀gbọ́n á fi gba kọ́kọ́rọ́, torí ọ̀rọ̀ lè yí padà láàárín méjì. Ẹ kò gbọ́. Agogo mẹ́wàá lẹ fọwọ́ síwèé, ní agogo méjìlá ẹ ti wà ní ọ́fíìsì wa, ẹ ní ká fagi lé e."

Baálẹ̀ ní, "Ìyá Jeremy, ọjọ́ kan náà?"

Ìyá Jeremy gbé orí sókè bí ẹni tó fẹ́ ka Bíbélì níwájú ìjọ. "Bàbá, onígbàgbọ́ ni mí. Ilé ti di ti Tísà. Bí òrùlé Tísà bá wá fò lọ, tí wọ́n sì sanwó rẹ̀ fún èmi, olè kọ́ nìyẹn? Mo fẹ́ sùn pẹ̀lú ọkàn mímọ́."

Ọ̀rọ̀ náà wọ gbogbo wa lára. Ọ̀tún tilẹ̀ ní "Àmín". Kíkẹ́ ló bà á jẹ́.

"Mọ́mì, ẹ tún ní ká dá owó àwọn oṣù tó kù padà fún yín, pé ẹ fẹ́ fi ra léèsì tí ẹ máa wọ̀ lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ tí ẹ ń kó lọ."

"Lọ́wọ́ ta?" ni Baálẹ̀ béèrè.

Ìyálóde wúkọ́. Ó wúkọ́ pẹ́ díẹ̀. Baálẹ̀ ní kí a pe ẹlẹ́rìí kejì.

Ẹlẹ́rìí kejì ni Kelvin, ejẹ́ǹtì tó wà láàárín ẹni tó tà àti ẹni tó rà. Kóòtù aláwọ̀ búlúù ló wọ̀ nínú ooru yẹn, òógùn ń kán lágbọ̀n rẹ̀.

"Kelvin, kí lo sọ fún Tísà nípa ilé náà?"

"Mo ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀, sà. Mo ní ohunkóhun tó bá ṣe ilé kí kọ́kọ́rọ́ tó dé ọwọ́ wọn, orí Mọ́mì ló wà."

"Kí lo wá sọ fún Ìyá Jeremy?"

"Mo ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀, sà. Mo ní bí wọ́n bá ti fọwọ́ síwèé báyìí, ó ti kúrò lọ́rùn wọn."

"Èwo ni òtítọ́ nínú méjèèjì?"

"Méjèèjì ni, sà."

"Báwo?"

"Bàbá, iṣẹ́ tiwa ni pé kí ọkàn gbogbo ènìyàn balẹ̀. Bí ọkàn wọn kò bá balẹ̀, wọn ò ní fọwọ́ síwèé."

Baálẹ̀ wò ó fún ìgbà pípẹ́. Ó ní, "Jókòó, Kelvin. Fọkàn balẹ̀." Kelvin jókòó, ṣùgbọ́n mo rí i pé ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀.

Ẹlẹ́rìí kẹta ni Mùíz wẹ́dà, ẹni tí ọgbà rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé náà, níbi tí òrùlé balẹ̀ sí. Ó gbé awò dúdú rẹ̀ sórí, ó dọ̀bálẹ̀.

"Mùíz, ìjì náà le gan-an, àbí?"

"Kò le púpọ̀, Bàbá."

"Kò le? Ìjì tó gbé òrùlé odidi ilé?"

"Bàbá, ẹ jẹ́ n sọ òótọ́. Páànù kan wà ní igun ilé náà, lápá ọ̀dọ̀ mi. Láti ọdún Àjíǹde ló ti ń ṣe gbàù-gbàù bí atẹ́gùn bá fẹ́. Ìṣó mẹ́ta ló jábọ́ níbẹ̀. Ibẹ̀ ni ìjì kì ọwọ́ bọ̀, ló fi ṣí gbogbo ìyókù."

Ìyá Jeremy ní, "Ta lo sọ fún?"

"Ẹ̀yin ni, Mọ́mì! Ọjọ́rú, láàárọ̀, ẹ ń ka àga. Mo ní, 'Mọ́mì, páànù yín ti fẹ́ lọ.' Ẹ ní, 'Mùíz, kì í ṣe páànù mi mọ́, lọ sọ fún Tísà.'"

Tísà fò dìde. "Ẹ gbọ́!"

Mùíz yíjú sí i. "Ẹ̀gbọ́n, mo sì wá sọ fún yín lọ́jọ́ yẹn kan náà. Orí igi máńgòrò lẹ wà. Ẹ ní, 'Mùíz, kọ́kọ́rọ́ ò tíì sí lọ́wọ́ mi, lọ sọ fún Ìyá Jeremy.'"

Tísà jókòó padà, díẹ̀díẹ̀.

Ìyálóde ní, "Ìwọ ńkọ́, Mùíz? Wẹ́dà ni ọ́. O ní àkàbà, o ní òòlù, o ní ìṣó. Kí ló dé tí o kò gun òkè lọ kàn án?"

Mùíz fi ọwọ́ họ ẹ̀yìn ọrùn. "Ìyálóde, onílé kò sí. Ta ló máa ní kí n gùn ún?"

Ẹ ò rí i bí. Ìṣó mẹ́ta. Mo kọ ọ́ sílẹ̀, mo sì fa ilà sí abẹ́ rẹ̀, ohun tí n kì í sábà ṣe.

Nígbà tí ariwo rọlẹ̀, Baálẹ̀ rí obìnrin kan tó jókòó sí ìparí bẹ́ǹṣì, tí kò tíì sọ ohunkóhun láti àárọ̀. Ọmọlará, ìyàwó Tísà ni.

"Ìyàwó, ìwọ kò ní í sọ̀rọ̀ ni?"

Ó kúnlẹ̀. Ohùn rẹ̀ kò ròkè. "Bàbá, ọdún mọ́kàndínlógún la fi gbé yàrá méjì ní Muṣin. Ibẹ̀ ni mo bí àwọn ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí. Nígbà tí wọ́n fọwọ́ sí ìwé ilé yìí, a sọ fún lánlọ́ọ̀dù pé a ń lọ, ó sì ti gba ẹlòmíì. Ẹni náà ń kó wọlé ní ìparí oṣù yìí. Lọ́jọ́bọ̀ yẹn, ibi iṣẹ́ ni mo wà nígbà tí Mùíz pè mí. Mo dé ilé náà, mo dúró nínú yàrá tí mo ti ní ti àwọn ọmọ ni, mo gbójú sókè, mo rí ẹyẹ tó ń kọjá. N kò bá Mọ́mì jà. N kò sì bá ọkọ mi jà. Mo kàn fẹ́ mọ ibi tí àwọn ọmọ mi máa sùn."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ìyá Jeremy ń wo ọwọ́ ara rẹ̀.

Ó ní, "Èmi náà, orí àga ni mo wà nígbà tó lọ. Mo kọ́kọ́ rò pé ọ̀run ló ṣí. Ẹrù mi ti lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, àwòrán ọkọ mi nìkan ló kù lára ògiri, òjò sì pa á. Láti Ọjọ́bọ̀ náà, ilé ìdáná ni mò ń sùn, torí ibẹ̀ nìkan ni sìlíǹgì ṣẹ́ kù sí. Ṣùgbọ́n òrùlé náà kì í ṣe tèmi."

Tísà ní, "Kì í ṣe tèmi náà."

Baálẹ̀ gba omi mu. Ó nu ẹnu. Ó wá pe Mùíz bí ẹni tí ọ̀rọ̀ míì ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ sí lọ́kàn.

"Àwọn páànù yẹn, ibo ni wọ́n wà báyìí?"

"Wọ́n ṣì wà lọ́gbà mi, Bàbá. N kò rí ẹni tó máa kó wọn."

"Páànù irú ayé ìgbà wo ni?"

"Áà, ti àtijọ́ ni, Bàbá. Ó nípọn, kò tilẹ̀ ya. Wọn kì í ṣe irú rẹ̀ mọ́."

"Kò sì sẹ́ni tó ni ín. Gbogbo wa la gbọ́. Ó dára, mo fẹ́ kan ilé adìyẹ lẹ́yìn ilé yìí. Kó gbogbo rẹ̀ wá fún mi lágogo mẹ́rin, àtòun àti igi tó wà lára rẹ̀."

"Páànù wo, Kábíyèsí?" Tísà ti wà lórí ìdúró.

"Páànù tí kì í ṣe tìrẹ."

"Bàbá, mo sanwó ilé, mo sanwó páànù! Ó wà nínú ìwé, ojú ewé kẹrin!"

Ìyá Jeremy ti dé àárín pálọ̀. "Páànù tí ọkọ mi fi owó àjẹmọ́nú rẹ̀ rà! Tí òun fúnra rẹ̀ dúró tì wọ́n títí wọ́n fi kàn án tán! Ta ló máa fi ṣe ilé adìyẹ? Kọ́kọ́rọ́ ilé ṣì wà lápò mi!"

"Tèmi ni!"

"Tèmi ni!"

Baálẹ̀ jẹ́ kí wọ́n pariwo títí ó fi sú wọn. Ó wá sọ fún mi pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́ pé, "Akọ̀wé, kọ ọ́ sílẹ̀. Lágogo mọ́kànlá, òrùlé yìí kò ní olóhun. Nígbà tó fi di agogo méjìlá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó ti ní méjì."

Mo kọ ọ́.

Baálẹ̀, Ọ̀tún àti Ìyálóde wọ yàrá lọ gbìmọ̀. Wọn kò pẹ́. A gbọ́ ohùn Ọ̀tún láti inú yàrá tó ń sọ pé kí wọ́n na Kelvin. A kò gbọ́ ìyókù. Nígbà tí wọ́n jáde, Baálẹ̀ kò jókòó.

"Ẹ gbọ́ ìdájọ́ mi. Nígbà tí máńgòrò pọ́n, Tísà ni onílé. Nígbà tí àga ń pawó, Ìyá Jeremy ni onílé. Nígbà tí èmi fẹ́ kó páànù, ẹ̀yin méjèèjì ni onílé. Nítorí náà, nígbà tí ìjì dé, ẹ̀yin méjèèjì náà ló dé bá. A pín ilé náà sí méjì láti àárín pálọ̀. Ìyá Jeremy á kan òrùlé apá ọ̀tún, Tísà á kan ti apá òsì. Ọ̀la ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀."

Tísà ní, "Kábíyèsí…"

"N kò tíì parí. Títí òrùlé náà á fi pé, inú ilé yẹn ni gbogbo yín á máa gbé. Ìyá Jeremy, Tísà, ìyàwó, àwọn ọmọ, lábẹ́ tápólì kan ṣoṣo. Ẹni tó bá yára kan tirẹ̀ kò gbọ́dọ̀ sùn lábẹ́ rẹ̀ títí ti ẹnì kejì á fi parí."

Ìyá Jeremy di orí mú.

"Mùíz. Ìṣó mẹ́ta ni kò jẹ́ kí o gun àkàbà. Gbogbo ìṣó tó bá máa wọ òrùlé yẹn, apá ọ̀tún àti apá òsì, ọwọ́ rẹ ni yóò ti wọlé. Lọ́fẹ̀ẹ́."

"Bàbá, wẹ́dà ni mí, n kì í ṣe káfíńtà!"

"O máa mọ̀ ọ́n kí o tó parí. Kelvin."

Kelvin dìde, ó bọ kóòtù.

"Àárín pálọ̀, níbi tí òrùlé méjì ti pàdé, ibẹ̀ ni òjò máa ń gbà wọlé jù. Ibẹ̀ gan-an ni kí o tẹ́ ẹní rẹ sí, láti ọ̀la títí iṣẹ́ á fi parí. Bí omi bá kán sí ọ lójú, fọkàn balẹ̀. Orí Ìyá Jeremy ló wà, ó sì ti kúrò lọ́rùn rẹ̀."

Ọ̀tún sọ sí mi létí pé èyí sàn ju nínà lọ.

"Ó ku Kíkẹ́. Jókòó sí tábìlì akọ̀wé. Ẹni kankan kò gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀ níhìn-ín kó tó fọwọ́ sí ìwé ìnṣọ́ránsì. Ti Ìyá Jeremy á wà títí di ọjọ́ tí kọ́kọ́rọ́ bá kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ti Tísà á bẹ̀rẹ̀ lónìí."

Kíkẹ́ ní, "Bàbá, ẹ má bínú. Ilé iṣẹ́ wa kì í gba ilé tí kò lórùlé wọlé."

"Ó dára. Kí wọ́n fọwọ́ sí i báyìí, kó wà nílẹ̀. Ọjọ́ tí Mùíz bá kan ìṣó ìkẹyìn ni kó bẹ̀rẹ̀. Kó ti bẹ̀rẹ̀ kí Mùíz tó gbé ẹsẹ̀ lé àkàbà láti sọ̀ kalẹ̀. Ẹjọ́ ti parí."

Tísà fọwọ́ sí i. Lọ́tẹ̀ yìí, ó yá awò ojú mi, ó ka gbogbo ojú ewé, títí kan orúkọ ẹni tó tẹ̀ ẹ́. Ìyá Jeremy náà fọwọ́ sí tirẹ̀. Ọmọlará ló lọ bá a níbi tó dúró sí.

"Mọ́mì, tápólì wo la máa rà? Ẹ̀yin lẹ mọ bí ilé ṣe gùn tó."

Ìyá Jeremy wò ó. Ó ní, "Èyí tó nípọn ni kí o rà. Má ra aláwọ̀ búlúù, ọjọ́ kejì ló ń ya." Ó ti ń lọ, ó tún padà, ó kì ọwọ́ bọ àpò, ó yọ kọ́kọ́rọ́ kan lára ìdì kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, ó fi lé Ọmọlará lọ́wọ́. "Ti ẹ̀yìnkùlé nìyẹn. Ó máa ń há. Gbé ilẹ̀kùn náà sókè díẹ̀ kí o tó yí i."

"Ẹ ṣé, Mọ́mì."

"N kò tíì fún ọkọ rẹ ní kọ́kọ́rọ́ o. Ìwọ ni mo yá."

Wọ́n jọ sọ̀ kalẹ̀. Tísà àti Kelvin tẹ̀lé wọn, Mùíz ló kẹ́yìn, ó ń bi Tísà léèrè bí wọ́n ṣe ń di òòlù káfíńtà mú. Kíkẹ́ kó ìwé rẹ̀ sí báàgì, ó kúnlẹ̀ kí wa, ó sì jáde.

Ó ku àwa ará ààfin. Ìyálóde ń wo sìlíǹgì pálọ̀ wa, níbi tí omi òjò ti ya àwòrán bí àwòrán ilẹ̀ Áfíríkà. Ọ̀tún náà gbójú sókè, ó rántí pé òun ní nǹkan ṣe nílé, ó lọ. Ní tèmi, mo ti fọwọ́ sí ìwé yàrá àti pálọ̀ kan ní Ìkòròdú lóṣù tó kọjá, wọn kò sì tíì fún mi ní kọ́kọ́rọ́. Mo pa ìwé ààfin dé, mo fi ọgbọ́n yọ́ jáde, mo sáré tọ Kíkẹ́ lọ.

Nígbà tí mo fi máa dé ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn, Baálẹ̀, ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin, tí n kò rí kó sáré rí láti ọjọ́ tí mo ti ń bá a ṣiṣẹ́, ti di okùn báàgì Kíkẹ́ mú, ó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó jọ̀ọ́, kó fún òun náà ní ìwé ìnṣọ́ránsì, kó má pariwo.